Ohun Tí Àdìsá Yọ Nínú Kámẹ́rà Igbó Ìjọba

Àdìsá fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ó sì ní n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ orúkọ òun. Ó ní ẹni tí ojú ti tì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ló tún kù tí yóò máa fi pamọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí?

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni Àdìsá ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ọdẹ ni yóò kọ́kọ́ pe ara rẹ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Bí ilẹ̀ Ọjọ́rú bá ti mọ́, yóò gbé ìbọn kọ́ èjìká, yóò gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ já sí igbó ìjọba tó wà létí odò.

Amos ló mú un wọ ẹgbẹ́ ọdẹ. Ègùn ni Amos, ọmọ ìhà Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní àdúgbò Ilo-Awela débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọmọ Ọ̀tà ni. Ó fi ọdún méje ju Àdìsá lọ. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ipasẹ̀ ẹran, òun náà ló sì kọ́ ọ lófin.

Òfin igbó tí kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni kò pọ̀. Bí o bá bá ewé tútù tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọdẹ kan ti wà nínú ibẹ̀, gba ibòmíràn lọ. Bí o bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, súfèé kí o tó gbé ìbọn sókè. Bí o bá bá ẹran nínú tàkúté ẹlòmíràn, wá ẹni tó ni ín lọ.

"Ohun tí o kò bá dẹ, má tú u," ni Amos máa ń wí.

Lọ́dún tó kọjá ni Tẹjúmọ́lá dé ọ̀dọ̀ wọn. Yunifásítì kan ló wà, ó ń ṣe ìwádìí nípa ẹranko igbó. Ó wá bá Bàbá Ṣóbándé, olórí ọdẹ, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wọn níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé igbó yìí ti ṣófo, pé kò sí ẹran níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́ gbà á kọ́ wíàháòsì. Bí a bá lè fi àwòrán hàn wọ́n pé ẹran ṣì ń bẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo wa."

Ó fa àpótí kékeré kan yọ nínú àpò, wọ́n kùn ún bí èèpo igi. Ó ní kámẹ́rà ni. Wọ́n á so ó mọ́ igi, ẹran tó bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò yà á fúnra rẹ̀, yóò sì kọ ọjọ́ àti aago sí i.

"Kí lo wá fẹ́ kí a ṣe?" ni Bàbá Ṣóbándé bi í.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, sà. Kí ẹnikẹ́ni má sì yìnbọn ní apá ibẹ̀ fún oṣù mẹ́fà."

Bàbá kò gbà á bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n ní kí ọdẹ kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbọ́, òun sì gbà. Ogún ọkùnrin ó lé mẹ́ta ni wọ́n. Àdìsá dìde, ó sọ ọ́ ketekete. Amos ni wọ́n yàn pé kí ó máa mú ọmọbìnrin náà wọ igbó, kí ó sì máa bójú tó kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Oṣù méjì kọjá láìsí wàhálà.

Ọjọ́rú kan wá dé, Àdìsá kò tíì pa nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó gba apá ibẹ̀ kọjá. Ó ní òun kàn fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá ni. Ó rí kámẹ́rà lára igi, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Ìkọ́ méjì péré ló di àpótí náà. Ó ṣí i. Mẹ́mọ̀rì káàdì kan wà nínú rẹ̀, kò ju èékánná lọ.

"Irú èyí tó ń wọ fóònù mi gan-an nìyí," ló sọ nínú ara rẹ̀.

Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó ti káàdì náà bọ fóònù. Òyà kọ́kọ́ jáde. Òkété. Ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹtu pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ń fi ìka yí i lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àfi bí ìgalà ṣe yọ sí i.

Akọ ni. Ìwo rẹ̀ lọ́ gbọọrọ sókè, tóótòòtó funfun wà lára ìhà rẹ̀. Ó dúró, ó kọjú sí kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún, òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ó tún yọ lọ́sẹ̀ kejì, òwúrọ̀ Ọjọ́rú náà ni, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọdẹ kankan ti fojú kan ìgalà nínú igbó yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àlọ́.

Àdìsá da àwòrán ìgalà náà kọ sínú fóònù rẹ̀. Ìgbà tó yí i dé òpin ló rí ojú ara rẹ̀ gbàǹgbà, níbi tó ti ń bọ̀ wá ṣí àpótí. Ó pa ìyẹn rẹ́, ó dá káàdì padà, ó tì í, ó lọ.

Ó ní òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bó bá dúró síwájú iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin, ìgalà ni. Bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ìgalà ni. Bó bá ń wá mọ́tò ní Ṣàngó Toll Gate, tí èrò ń tì í síwá sẹ́yìn, yóò yọ fóònù, yóò tún wò ó. Ó ń rí bí wọn yóò ṣe máa kí i káàkiri Ọ̀tà: Àdìsá tó pa ìgalà.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," ló wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí."

Ọjọ́rú kẹta, ó ti lúgọ síbẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Aago méje kò tíì lù tí ìgalà náà fi jáde, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ìrì. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ẹran náà fò sókè, ó ṣubú.

Àdìsá dìde pẹ̀lú ayọ̀. Bó ṣe gbójú sókè, ojú kámẹ́rà ló bá ojú rẹ̀ pàdé. Nínú gbogbo ìlépa yìí, ó ti gbàgbé pé ohun tó fi ìgalà han òun lè fi òun náà hàn.

Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣa àwòrán kankan mọ́. Ó pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ pátá.

Ọdẹ tó bá pa irú ẹran bẹ́ẹ̀, itan kan ń lọ sọ́dọ̀ olórí ọdẹ, ìyókù ni wọn yóò fi ṣàjọyọ̀. Àdìsá kun tirẹ̀ nínú igbó bí olè. Ó kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e lọ fún obìnrin kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní láti Ìmẹ̀kọ lòun ti gbé e bọ̀. Kò mú eegun kan délé. Ẹran tí ì bá sọ ọ́ di olókìkí, kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá pé òun pa á.

"Bàbá Rùká, ṣé kò sí?" ni Ràfátù, ìyàwó rẹ̀, bi í nígbà tó rí i pé kò jẹun.

"Iṣẹ́ ni," ló dáhùn.

Ọjọ́ kẹwàá, Tẹjúmọ́lá wá kó káàdì. Mẹ́ta pé. Ìkẹrin ṣófo. Àwòrán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lọ. Ó sì rí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára ewé nítòsí igi náà.

Bàbá Ṣóbándé pe ìpàdé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà.

Fọláwẹwọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àpótí yẹn nínú wa? Amos nìkan ló ń bá Tẹjúmọ́lá lọ."

"Àlejò sì ni àlejò ń jẹ́," ni ẹnìkan kùn láti ẹ̀yìn.

Amos dìde. "Bàbá, mi ò ṣí i rí. Mo kàn máa ń wò ó bóyá okùn rẹ̀ kò dẹ̀ ni."

Bàbá Ṣóbándé wò ó títí. Wọ́n wá yíjú sí Àdìsá.

"Àdìsá, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Òun ló mú ọ wá síhìn-ín. Ṣé Amos lè ṣe irú èyí?"

Àdìsá ní bí ènìyàn bá lè padà sí ọjọ́ kan láyé, ọjọ́ yẹn lòun yóò padà sí. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bó bá ní rárá, wọn yóò tún máa wá ẹni tó ṣe é. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ńlá ni. Ó wá ọ̀nà àárín.

"Bàbá, mi ò lè sọ," ló wí. "Inú èèyàn jìn."

Amos yíjú wò ó. Kì í ṣe ìbínú ló wà lójú rẹ̀. Ó kàn wò ó bí ẹni tó ń ka ipasẹ̀, lẹ́yìn náà ló wolẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló pa á. Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ Amos, wọ́n ní kí ó má wọ igbó mọ́ títí wọn yóò fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ ọdẹ ni Amos fi rí iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àpò ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí òfófó fi débẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fura sí ṣọ́ géètì.

Bàbá Ṣóbándé tún fi kún un. "Àdìsá, ìwọ ni kí o máa ṣọ́ kámẹ́rà báyìí. Ìwọ lọkàn mi balẹ̀ sí."

Kí ni yóò sọ? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Amos wá bá a nílé. Kò jókòó.

"Àdìsá, o mọ̀ mí," ló wí. "Ìyàwó mi kò jáde mọ́ torí ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ bá Bàbá, ìwọ nìkan. Sọ ohun tí o mọ̀ fún wọn."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. N ó bá wọn sọ."

"Nígbà wo?"

"Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n."

Kò lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé àwọn ẹlòmíràn kọjá ní Ilo-Awela, kí Amos má baà rí i. Ó ti wá dà bí òyà tí okùn mú lẹ́sẹ̀: bó ṣe ń fà á ni ó ń fún un sí i.

Òpin oṣù súnmọ́lé. Tẹjúmọ́lá pè é lórí fóònù pé òun ń bọ̀ l'Ọjọ́bọ̀ wá kó káàdì. Ṣé ó dá a lójú pé kò sí àwòrán rẹ̀ kankan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀? Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó lọ yọ káàdì. Òjò ń rọ̀, bátìrì fóònù rẹ̀ sì ti kú, ló bá mú káàdì náà wálé. Ó ti í bọ fóònù, ó fi fóònù sórí iná, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jí, ó wo àwòrán inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sí èyí tó burú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dá a padà sínú kámẹ́rà. Ó mí kanlẹ̀.

Irun ni Ràfátù ń dì fún àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, ó na ọwọ́.

"Ẹ bá mi fi fọ́tò tí mo yà lọ́sàn-án ránṣẹ́ sí fóònù Adéjọkẹ́."

"Fọ́tò wo?"

"Irun tí mo dì fún un nítorí ìkómọ. Ẹ ń sùn, tèmi sì ti fọ́ lójú, mo bá fi fóònù yín yà á."

Àdìsá gbé fóònù. Ó wá a, kò rí i. Ó tún un wá. Ó ti pẹ́ tó ti ṣètò fóònù rẹ̀ pé kí ó máa kó fọ́tò sórí mẹ́mọ̀rì, nítorí inú rẹ̀ ti kún. Mẹ́mọ̀rì tó wà nínú rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, ti kámẹ́rà igbó ni.

"Bàbá Rùká, kí ló dé tí ẹ ń làágùn?"

Ó fọ ọwọ́, ó dìde nídìí oúnjẹ.

Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wọ inú igbó. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Tẹjúmọ́lá àti Fọláwẹwọ́ ti wà nídìí igi náà. Ọmọbìnrin náà ti káàdì bọ inú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, Fọláwẹwọ́ sì buwọ́ lù ú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti pàdé.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Tẹjúmọ́lá kí i. "Mi ò fẹ́ ṣí i nílé mi mọ́. Níwájú gbogbo yín ni n ó ti ṣí i ní Sátidé, kí ẹnikẹ́ni má baà ní a yí i."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àdìsá wí. Ohùn náà kò jọ tirẹ̀.

Ó rò ó pé kí òun ní ara òun kò yá. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni Bàbá Ṣóbándé ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan: ẹni tí kò bá wá, a jẹ́ pé òun la ń wá. Wọ́n ránṣẹ́ sí Amos náà.

Bẹ́ẹ̀ ni Àdìsá ṣe jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ní Sátidé, láàárín àwọn ọdẹ yòókù, ó ń wo àpò ìwé náà lórí tábìlì. Amos jókòó lọ́tọ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún. Tẹjúmọ́lá gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo ọdẹ sì fi àga wọn sún mọ́ ọn.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Òyà. Òyà. Òkété tó gbé nǹkan sẹ́nu. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka. Àdìsá ń gbàdúrà pé kí ó parí síbẹ̀. Ó dà bíi pé yóò parí síbẹ̀ lóòótọ́.

"Dúró ná," ni Tẹjúmọ́lá wí. "Fọ́tò kan dá wà lọ́tọ̀ nínú fódà mìíràn. Kì í ṣe kámẹ́rà wa ló yà á."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orí obìnrin kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú. Ṣùkú ni wọ́n dì, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà ní ìdí rẹ̀.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "Irú ẹran wo nìyí?"

Bàbá Ṣóbándé kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n tẹ̀ síwájú.

"Adéjọkẹ́ ọmọ mi nìyí."

Ilé bàbá rẹ̀ ni Adéjọkẹ́ wà tó ń tọ́jú ọmọ tuntun. Wọ́n ké sí i. Ó jáde pẹ̀lú ọmọ léjìká, ṣùkú yẹn gan-an lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn gan-an. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀.

"Ta ló ya èyí?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Ìyá Rùká tó dirun fún mi ni, Bàbá. Fóònù ọkọ rẹ̀ ló fi yà á l'Ọjọ́rú, tiẹ̀ ti bàjẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin lẹ gbà á? Wọn ò tíì fi ránṣẹ́ sí mi."

Kò mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo orí ti yí sí ibì kan náà.

Fọláwẹwọ́ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó jọ pé ó fẹ́ yọ Àdìsá nínú ọ̀ràn náà. "Ìwọ sáà lo ń ṣọ́ kámẹ́rà. Bóyá o kàn mú káàdì lọ wò lẹ́ẹ̀kan yìí ni?"

Ilẹ̀kùn àbáyọ ṣí sílẹ̀ fún Àdìsá. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù tí yóò wí, yóò sì gba ibẹ̀ jáde. Àdìsá ní òun ti ya ẹnu láti sọ ọ́ kí òun tó rí ọwọ́ Amos. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lórí orúnkún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan mọ́.

"Rárá," ni Àdìsá wí. Ó ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Èmi ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Amos kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo pa gbogbo àwòrán rẹ́, nítorí ìgalà."

"Ìgalà?" Bàbá Ṣóbándé dìde. "Ìgalà wo?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìgalà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àdìsá yọ fóònù, ó ṣí àwòrán náà, ó nà án sí wọn láti ilẹ̀. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́.

"Mo ti rò pé n ó kú láìtún rí i," ni Bàbá Ṣóbándé wí jẹ́jẹ́.

Tẹjúmọ́lá gba fóònù náà. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó hàn lójú rẹ̀. "Èyí nìkan yóò tó wa! Níbo ló wà báyìí?"

"Mo ti pa á, àǹtí."

"Ṣé òmíràn ṣì kù?"

"Òun nìkan ni mo rí."

Ó dá fóònù padà. "Mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wà, nígbà tí kò sí mọ́," ló wí, ó sì pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

Amos dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Ó kí Bàbá Ṣóbándé, ó jáde lọ. Kò wo ibi tí Àdìsá dọ̀bálẹ̀ sí.

Wọ́n gba ìbọn Àdìsá, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Bàbá Ṣóbándé ní kò tíì tán. "Ẹnu tí o fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, òun náà ni wàá fi tún un ṣe." Fọláwẹwọ́ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rá, Àdìsá sì sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ọ̀gá ibẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ tán. Ó ní ó ṣeni láàánú, ṣùgbọ́n àwọn ti gba ẹlòmíràn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, katakata wọ igbó náà. Àwọn tó fẹ́ kọ́ wíàháòsì ní òyà àti òkété kò tó ohun tí wọ́n á torí rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Apá etí odò nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Amos ti kó lọ sí abúlé ìyá rẹ̀ ní ìhà Àgbádárìgì nígbà náà. Àdìsá wá a dé ibẹ̀. Ó bá a níwájú ilé, ó ń hun ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja. Àdìsá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn.

"Ẹ dìde," ni Amos wí. "Ẹ jókòó. Ẹ kú ìrìn."

Ìyàwó Amos gbé omi wá, ó gbé e kalẹ̀, ó padà wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́." Ó fa okùn kan já. "Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kí wọ́n tó pe ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ipasẹ̀ bàtà ilé iṣẹ́ yín wà nídìí igi. Ta ló tún ń wọ bàtà onírin wọ igbó nínú wa?"

Omi bọ́ lójú Àdìsá. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo ń dúró dè yín ni. Nígbà tí Bàbá bi yín léèrè, mo ní ó ti tó, yóò sọ ọ́ báyìí. Mo tún wá sílé yín."

Nígbà tó yá, Amos gbé ìgèrè sílẹ̀, ó sìn ín dé ẹ̀bá ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń sin àlejò, ó sì dá ọlọ́kadà kan dúró.

"Bá mi gbé bàbá yìí dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀," ló sọ fún un. Ó wá yíjú sí Àdìsá, ó tẹríba díẹ̀. "Ẹ rọra máa lọ o, sà. Ẹ bá wa kí wọn nílé."

Ìgbà náà ló tó yé Àdìsá. Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti mọra, Amos kò sọ "ẹ" fún un rí. "Ìwọ" ni, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀, bó ń bínú ni o, bó ń rẹ́rìn-ín ni o.

Ó ní ká ní Amos gbá òun létí lọ́jọ́ náà ni, òun ì bá rí oorun sùn.